Irin Inú Òpó Ilé Tí O Fẹ́ Rà

Ndogbong, Douala,
Ọjọ́ Ajé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí Jósẹ́ẹ̀fù ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ méjèèjì tí wọ́n fi bísíkíìtì kun aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi lánàá. Ara mi le. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé tí a lọ wò. Ẹsẹ̀ ò dùn mí, òòyì ò kọ́ mi. Ẹ̀rù ló bà mí, ó sì ń bà mí títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí.

Jẹ́ kí n ti ibi tó le jù bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ ọ́: tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, wàá fò lọ sí ìsàlẹ̀. Má tọwọ́ bọ ìwé ilé Bonamoussadi yẹn lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Bí o bá tiẹ̀ rà á lọ́jọ́ kan, má kọ́ yàrá kankan lé e lórí. Èmi bàbá rẹ wà lára àwọn tó so irin inú òpó ilé náà kí a tó bí ọ, mo sì mọ irin tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lánàá lójú gbogbo yín. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí o dúró lókè pátápátá, lórí dẹ́kìn tí kò ní òrùlé, tí o na ọwọ́ sí igun kan tí o ní, “Dádì, ibí ni yàrá yín máa wà, fèrèsé yín á kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń wá,” mi ò rí i sọ mọ́. Ọmọ tó ń wá ibi tí bàbá rẹ̀ máa sùn, báwo ni bàbá ṣe fẹ́ dá a lóhùn pé òun lòun ba ilé náà jẹ́? Mo kàn ń wò ọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. O rò pé ó rẹ̀ mí ni, o lọ ra omi tútù fún mi. Ọlọ́run á bù kún ọ. Mo mu omi náà tán, mo sì tẹ̀lé yín sọ̀ kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé inú rẹ ti ń ru báyìí. Ọdún méjì lẹ ti ń wá ilé. Fúláàtì tó wà lókè, ilé tó ti pẹ́, ogiri tó nípọn, àdúgbò tó ti dá ṣáṣá, àti àyè láti kọ́ àjà kan sí i tí ẹ lè fi háyà tàbí kí ẹ máa gbé ibẹ̀: ta ni kò ní fẹ́ ẹ? Tí mi ò bá mọ ohun tí mo mọ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Nítorí náà jókòó, jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ ṣeré, kí o ka ìwé yìí jẹ́jẹ́. Ìyá rẹ, kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò kọ́ ọ ní Bíbélì Yorùbá lásán. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó, pè mí, màá túmọ̀ ẹ̀.

Mo tó ọmọ ogún ọdún nígbà tí mo ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Douala. Wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan, ará ilé wa náà ni, tó ń tẹ irin fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọdún mẹ́ta ni àdéhùn wa. Ilé yẹn ni iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Koríko ló wà nígbà náà níbi tí ẹ gbé ọkọ̀ sí lánàá, ọ̀pọ̀lọ́ sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé à ń fi bàtà tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ti kun ilé náà, wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù yí i ká, ojú mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ló dá a mọ̀. Àtẹ̀gùn kan wà kí èèyàn tó dé àjà kejì tó ga ju àwọn yòókù lọ, káfíńtà ló ṣi pákó dì lọ́jọ́ náà, gbogbo wa la sì máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Lánàá, bí mo ti ń gun òkè lẹ́yìn yín, ẹsẹ̀ mi gbé ara rẹ̀ sókè kí ó tó dé ibẹ̀. Jósẹ́ẹ̀fù tó wà níwájú kọsẹ̀, èmi tí mo jẹ́ àgbàlagbà ò kọsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí díẹ̀ kí n tó bá yín dókè.

Gbọ́ ohun tí a ṣe. Ìwé ẹnjinía sọ pé irin mẹ́fà tó nípọn ló gbọ́dọ̀ wà nínú òpó kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi ní ká di mẹ́rin, kí a sì lo tínínrín. Àwọn òrùka irin tó ń di wọ́n mọ́ra, tó yẹ kó sún mọ́ra tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó ní kí a jẹ́ kó jìnnà tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ọkọ̀ kan wá kó irin tó ṣẹ́ kù lọ́sàn-án gangan. Mi ò bèèrè ibi tó ń kó o lọ.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni tòkè. Nígbà tí a dé orí dẹ́kìn tó kẹ́yìn, ọ̀gá ní kí n ṣa àwọn gígékù irin tó nípọn jọ, kí n gbìn wọ́n ní mẹ́fà mẹ́fà sórí òpó kọ̀ọ̀kan, kí orí wọn yọ sókè. Wọn ò wọnú òpó ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ó ní onílé máa fẹ́ kà á. Onílé wá lóòótọ́, ó kà á, inú rẹ̀ dùn, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún gbogbo wa. Irin yẹn náà ni ẹni tó ń ta ilé fọwọ́ tọ́ka sí lánàá, tó ní àwọn tó kọ́lé ti fi àyè sílẹ̀ fún yín sókè. Òun náà ni ẹnjinía ọ̀rẹ́ Jósẹ́ẹ̀fù fọwọ́ gbá tó ní kò sí wàhálà. Má dá a lẹ́bi. Ojú rẹ̀ ni a ṣe irin náà fún, ojú rẹ̀ sì rí i.

Wàá bi mí bóyá mi ò mọ̀ pé kò dára. Mo mọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́ta nídìí irin mọ irin tó kéré. Mo tiẹ̀ bi ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan, ohùn mi ò ju ti ẹfọn lọ. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ẹnu tí o máa fi ṣe àmín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ṣé òun lo fẹ́ fi ba iṣẹ́ mi jẹ́ yìí?”

Ìwọ tí wọ́n bí síbí, tí o fi ìwé gba iṣẹ́, ó lè má yé ọ. Firídọ́ọ̀mù mi ló ń sọ. Láàárín àwa oníṣẹ́ ọwọ́, ọjọ́ yẹn ni ọ̀gá máa ń gbé irinṣẹ́ lé ọmọ lọ́wọ́, tó máa gbàdúrà sí i lórí lójú àwọn òbí rẹ̀, kó tó lè dá dúró. Ọ̀gá tó bá bínú lè sún un síwájú lọ́dún kan. Ó sì lè ní kí ó máa lọ láìsí àdúrà, gbogbo ayé á sì máa sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ò ní mọ́ iṣẹ́. Bàbá mi ti ta àgbàdo fún owó ọkọ̀ tó máa gbé e wá síbẹ̀. Mo dákẹ́. Mo dì í ní mẹ́rin. Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀gá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà gígùn, mo ṣe àmín débi pé ọ̀fun mi ha.

Láti ìgbà náà, ọmọ mi, mi ò di irin tó kéré mọ́. Àwọn oníbàárà ń kùn pé irin tèmi ti pọ̀ jù, pé ṣé ilé ìfowópamọ́ làwọn ń kọ́ ni. O máa rántí pé o bi mí nígbà kan ìdí tí mi ò fi ń gba iṣẹ́ ní apá ibẹ̀ yẹn, mo ní ọ̀nà ò dára. Irọ́ ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, tèmi sì lé ní ogún dáadáa.

Ó dáa. Ohun tí mo kọ́ nínú ẹ̀ àti nínú àwọn àṣìṣe mi mìíràn ni mo fẹ́ kó o mú lọ, ilé yòówù tí ẹ bá rà.

Èkíní, ìsàlẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Gbogbo ẹni tó bá ń ta ilé tó ti pẹ́ á máa mú ọ lọ sókè, á ní wo bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́, wo ibi tí o lè kọ́ sí. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé e. Lánàá, bí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ìwé lọ́wọ́, mo kí obìnrin tó ń gbé àjà ìsàlẹ̀, olùkọ́ ni. Mo rí i pé ilẹ̀kùn rẹ̀ há kí ó tó ṣí, mo bi í léèrè. Ó ní lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn ti pe káfíńtà kó fá a, ó tún ń há. Ó ní òjò ló ń wú pákó. Ó lè jẹ́ òjò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a fá lẹ́ẹ̀mejì tó tún ń há, òkè rẹ̀ ni mo máa ń wò, bóyá ẹrù ilé ti ń tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe pákó. Bi àwọn tó ń gbé ilé léèrè, máa kí wọn, máa bá wọn ṣeré. Wọ́n á sọ ohun tí ẹni tó ń tà á ò ní sọ láéláé.

Èkejì, ta ló ni ojú ọ̀run ilé náà? Má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ta fúláàtì fún ọ ta yàrá fún ọ. Dẹ́kìn tó wà lókè lè jẹ́ ti gbogbo àwọn tó ní fúláàtì níbẹ̀. Ó ní tìrẹ ni, ó ní òun ti bá wọn sọ ọ́. Ẹnu ló fi ń sọ ọ́. Jẹ́ kí notaire tó ń ṣe ìwé náà fi hàn ọ́ ní kíkọ, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn yòókù níbẹ̀, kí o má baà kó bíríkì gùnkè kí wọ́n ní kí o kó o sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ ẹlẹ́rìí, èyí sì ni ìdí tí bàbá rẹ fi ṣì ń háyà ní Ndogbong. Èmi àti ìyá rẹ ra ilẹ̀ kékeré kan ní ọ̀nà Japoma, o ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ. A ṣe é bí a ti ń ṣe é nílé: a kó àgbààgbà ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lọ, a gbàdúrà, a ya fọ́tò, gbogbo wa fọwọ́ sí ìwé. Mo rò pé mo ti gbọ́n. Ọkùnrin tó ta ilẹ̀ kú, àwọn àbúrò rẹ̀ ní àwọn ò mọ̀ wá rí. Ta ni mo fẹ́ pè? Méjì nínú àwọn ẹlẹ́rìí mi ti padà sí Nàìjíríà, ẹ̀kẹta ti sùn nínú Olúwa. Tiwa ni gbogbo wọn, kò sí ẹnì kan láti inú ìdílé ẹni tó ta ilẹ̀, ilẹ̀ náà sì bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹni tó lè bá ọ jà lọ́la ni kí o ní kó fọwọ́ sí i lónìí. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ, jẹ́ kó jókòó sílé, kó máa gbàdúrà.

Ìyá rẹ ò dá mi lẹ́bi rí lórí ilẹ̀ yẹn. Ó kàn máa ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì tí a bá gba ọ̀nà Japoma kọjá. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ má kánjú. Ẹni tó ń ta ilé ní ẹnì kan ń bọ̀ láti òkè òkun tó fẹ́ rà á, pé tó bá ti kọjá ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ má pe òun mọ́. Jẹ́ kó máa bọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí o sì lọ wo ilé nígbà tí òjò bá ń rọ̀ gan-an, òjò Douala tí kò mọ ilé olówó, kí o gbójú sókè wo àjà, kí o fọwọ́ ra ìdí òpó. Ọ̀sán ìsinmi tí oòrùn ń ràn, tí gbogbo èèyàn wọ aṣọ dáadáa, kò sí ilé tí kò dára. Mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́.

Ohun tí a máa ṣe nìyí. Ní Ọjọ́bọ̀, èmi fúnra mi máa wá. Ẹ wá ẹnjinía mìíràn, ẹni tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á àti àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kí wọ́n wà níbẹ̀. Màá fi òpó kan hàn yín lẹ́yìn àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, kí wọ́n gbẹ́ ara rẹ̀ díẹ̀, ní ìwọ̀n ojú àwo ọbẹ̀, títí irin máa fi hàn. Ẹ ò nílò ju ìyẹn lọ. Ó lè jẹ́ pé onílé mọ̀ nígbà tó yá, tó tún un ṣe. Ó lè jẹ́ pé òpó kan ni a ṣe báyẹn tí ẹ̀rí ọkàn mi ti sọ ọ́ di gbogbo wọn. Mo ti fi gbogbo òwúrọ̀ yìí gbàdúrà kó rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ mi ò gbàgbé. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ìwọ sì fẹ́ gbé kọnkéré lé e.

Má ronú nípa yàrá mi. Ibi tí mo wà yìí tó mi. Ó ń jò lójú kan péré, mo sì mọ ibi tí mò ń gbé garawa sí.

Ó ku ọ̀kan, òun ló sì gba gbogbo ọkàn mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, mo rò pé ìwọ àti ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ rẹ ni mò ń bẹ̀rù fún. Bí mo ti ń kọ ọ́, mo rántí obìnrin ilẹ̀kùn yẹn. Mo rántí pé mo rí aṣọ ilé-ìwé kékeré mẹ́ta tí wọ́n sá ní àjà kejì. Àwọn yẹn ti ń gbé ibẹ̀ láìkọ́ nǹkan kan lé e. Ẹ̀yin lè má rà á. Àwọn ń sùn níbẹ̀.

Nítorí náà fi ìwé yìí han Jósẹ́ẹ̀fù, kí o túmọ̀ ẹ̀ fún un láìbò nǹkan kan. Fi han ẹni tó ń ta ilé. Kà á fún olùkọ́ yẹn. Wọ́n lè pè mí lọ sí kọmíṣáríà àwọn ọlọ́pàá, mi ò mọ̀. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ á gbọ́. Wọ́n á gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti fi mí ṣe alàgbà torí wọ́n ní mi ò purọ́. Ojú máa tì mí gan-an. Ọ̀gá mi ti kú, èmi nìkan ló kù tó lè sọ ọ́.

Mo sì mọ irú ọmọ tí mo bí. Ohun tó máa wá sí ọ lọ́kàn ni pé, bàbá mi ni, ẹ jẹ́ kí n bò ó láṣìírí. Wàá sọ fún ẹni tó ń ta ilé pé owó ò pé. Wàá pa ìwé yìí mọ́ sínú Bíbélì ìyá rẹ, ẹ̀ẹ́ lọ wá ilé mìíràn, ẹlòmíràn á wá ra èyí, á sì kọ́lé lé e. Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run, má ṣe é. Ohun tí mo ṣe fún ọ̀gá mi gan-an nìyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún un, mo dákẹ́. Má bọ̀wọ̀ fún mi bẹ́ẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mo máa gun ọ̀kadà gbé ìwé yìí wá sábẹ́ ilẹ̀kùn yín, màá sì ti lọ kí o tó ṣí i. Mi ò ní fi “Bàbá rẹ” nìkan parí ẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe, kí ó lè wúlò níwájú ẹni yòówù tó bá bi ọ́ pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Èmi, Gébúrẹ́ẹ̀lì Akínpẹ̀lú Oyèdókun, oníṣẹ́ irin, ni mo fi ọwọ́ ara mi so irin ilé náà. Mẹ́rin ni, kì í ṣe mẹ́fà.